Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ ní Ìyànà-Ìbà

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, Yunifásítì Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbá kan jáde. Wọ́n fẹ́ yọ lítíréṣọ̀ sànmánì àárín, ìyẹn nǹkan bí ọdún 500 sí 1500, kúrò lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: kí akéwì Chaucer máa lọ, kí ewì àtijọ́ Beowulf máa lọ, kí ẹ̀kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí kò ní òórùn ìjọba amúnisìn nínú mọ́, tó sì máa wu àwọn ọmọ ìwòyí. Òkokomáìkò ní Èkó ni mo wà tí mo ka ìròyìn yẹn, ó sì dùn mí. Orúkọ àwa tí wọ́n mú sìn ni wọ́n fi ń wí àwíjàre, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi wá pé, ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, ṣé ẹ fẹ́ ká da nǹkan yìí nù?

Ká ní wọ́n bi mí ni, mo máa ní rárá. Mo máa ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà rí tèmi gbà nínú rẹ̀, torí ó dá mi lójú pé ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ọjọ́ tàbí ní Ọ̀tọ̀-Ìjanikin nílò ìmọ̀ yìí ju ọmọ Leicester lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, filọ́lọ́jì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é ni kó mú ìwé àtijọ́, kó kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu nígbà náà, ohun tó sọ ọ́ di bó ṣe wà lónìí, ẹni tó dà á kọ, àti ibi tí ọwọ́ adàwékọ ti ṣì. Kò sí ìkánjú ńbẹ̀. Odindi wákàtí kan lè lọ lórí ìlà mẹ́ta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, òun ni òpómúléró ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì fún ìgbà pípẹ́. Cambridge ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní 1917 fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gboyè láì fọwọ́ kan Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Oxford di tirẹ̀ mú pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni onífilọ́lọ́jì J. R. R. Tolkien ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1959.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòroó sọ. Ní 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, abẹ́ Yunifásítì London ló sì wà. London ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè, ìlànà London ni wọ́n ń tẹ̀ lé, títí Ìbàdàn fi di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Chinua Achebe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Wọlé Ṣóyínká wọlé ní 1952, ó sì gba Leeds lọ ní 1954, Leeds kan náà tí Tolkien ti kọ́ni láàárín 1920 sí 1925. Ìlànà tí wọ́n ṣe fún ọmọ London ni wọ́n gbé fún ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ tó ti Abẹ́òkúta tàbí Badagry wá gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn ọba Dẹ́ńmáàkì inú Beowulf tó ti kú láti ayébáyé. Ìtàn Ògúnfúnminíre, tí àwọn Àwórì gbà pé òun ló kó àwọn wá dé Ìsẹ̀rì, kò sẹ́ni tó fi ṣe ìdánwò fún un.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá àwọn ará Nairobi lẹ́bi. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1968, Ngũgĩ wa Thiong'o, Henry Owuor-Anyumba àti Taban lo Liyong kọ̀wé sí yunifásítì wọn pé kí wọ́n fagi lé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé òyìnbó mọ́ o. Ìbéèrè wọn ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó sáàárín, tí Áfíríkà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́? Wọ́n ní kí Áfíríkà bọ́ sí àárín, kí lítíréṣọ̀ alohùn sì ní àyè tó gbòòrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Tọkàntọkàn ni mo fara mọ́ ọn.

Àmọ́ bí èrò yẹn ṣe ń tàn káàkiri ilẹ̀ adúláwọ̀, ohun méjì la jọ kó dà nù pa pọ̀, a ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. A da ìwé nù, a da irinṣẹ́ nù. Beowulf àti Chaucer ni ìwé náà. Irinṣẹ́ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà wọ́n. Ìwé yẹn lè jẹ́ ti òyìnbó. Irinṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lítíréṣọ̀ alohùn tí àwọn ará Nairobi ń jà fún, òun gan-an ló nílò irinṣẹ́ yẹn jù.

Ẹ wo Adébóyè Babalọlá. Ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, The Content and Form of Yoruba Ijala, jáde ní 1966. Kí ló ṣe nínú rẹ̀? Ó gba ìjálá lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ibi tó ṣókùnkùn. Iṣẹ́ onífilọ́lọ́jì gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pè é. Wándé Abímbọ́lá ṣe irú rẹ̀ fún ẹsẹ Ifá. Ẹni tó bá sì ti jókòó ti oríkì ìdílé rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣàìsí nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń kì í fúnra rẹ̀ ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó ṣe bá a lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ṣe ń kì í. Kí la fẹ́ ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? A lè fò ó. A lè fún un ní ìtumọ̀ tó bá ṣáà ti wù wá, èyí sì wọ́pọ̀ gan-an lórí rédíò. Tàbí ká wá a kiri: ká wò ó bóyá ẹ̀ka-èdè mìíràn ṣì ń lò ó, ká yẹ ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham ṣe ní 1958 wò, ká tún wo èyí tí àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1913, ká fi ìró rẹ̀ wé ìró ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Ọ̀nà kẹta yìí ni wọn kì í kọ́ àwọn ọmọ wa mọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, kọ́ọ̀sì kan ṣì wà lórí ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣe é. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bú ramúramù láti àárọ̀, ẹ wo háńdáàtì tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Láti yunifásítì yòówù kí wọ́n ti gbé e wá, bákan náà ló máa ń rí: àwọn Angle, Saxon àti Jute dé, àwọn Norman dé ní 1066, fáwẹ́lì gígùn yí padà, ó parí. Ọmọ á há a sórí, á lọ dà á sínú ìwé ìdánwò. Kò ní rí ìlà kan ṣoṣo nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún un pé èdè máa ń yí padà, ṣùgbọ́n kò fojú ara rẹ̀ rí i kó máa yí.

Èmi náà máa ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì mélòó kan ní ẹ̀kọ́ àfikún lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀kan nínú wọn, Ìbà ni wọ́n bí i sí, Àwórì ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń kà. Lọ́jọ́ kan, ó ti ọjà Alábà Rágò dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá Ìlàjẹ kan tó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń pe owó ní "eghó". "Ẹ ò rí i, mà, wọn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa."

Mo ní kó jókòó. Mo kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sójú pátákó, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni gbogbo wọn: boga, ìyẹn ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà, lagu, òfin, sorge, ìbànújẹ́, morgen, òwúrọ̀, folgian, kéèyàn tẹ̀ lé ẹlòmíràn. Mo ṣàlàyé fún un pé g tó wà láàárín wọn kì í ṣe g inú "igi". Ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń jáde, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ pe g ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹ̀yìn ahọ́n kan òkè ẹnu tán, tí èémí wá ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo kọ ti àwọn ará Jámánì òde òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: Bogen, Sorge, Morgen, folgen. Àwọn yẹn ṣì di g tiwọn mú. Mo wá kọ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́: bow, law, sorrow, morrow, follow.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Mà, g yẹn ti di w."

Ó ti di w lóòótọ́, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún bíi méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ó dáa, kọ owó síbẹ̀, kọ eghó ti ìyá Ìlàjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ ti àwọn Ẹdó náà, tí wọ́n ń pe owó ní ighó. Kọ orúkọ ìlú Ọ̀wọ̀, kí o wá kọ Ọ̀ghọ̀, bí àwọn ọmọ ìlú náà ṣe ń pè é fúnra wọn.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó béèrè tẹ̀ lé e ni inú mi dùn sí jù. "Mà, ta ló wá yí padà nínú wa, ṣé àwọn ni àbí àwa?"

Àwa ni. Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe àlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1967, lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ìró gh yẹn, tó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú g inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn, ti wà nínú Yorùbá tipẹ́. Àwọn tó wà níhà gúúsù ìlà-oòrùn, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, pa á mọ́. Àwa tó wà níhà ibí, láti Ọ̀yọ́ wá dé Èkó, ti sọ ọ́ di w. Kò ṣòroó rí ìdí rẹ̀: tí ìró ọ̀fun yẹn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ o tàbí u, ètè tó ti ká roboto nítorí fáwẹ́lì á máa fà á síwájú, títí kò fi ní jáde lọ́fun mọ́, tó fi jẹ́ ètè nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Wọn ò pàdé ara wọn rí, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà àtàwọn baba ńlá wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni ẹnu wọn tọ̀. Ìyá tó ń ta edé ní Alábà Rágò ló di èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mú. Ọmọ yunifásítì tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ti sọ tirẹ̀ nù.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Adétugbọ̀ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní Yunifásítì Èkó. Ó kọ̀wé lórí Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń sọ. Ní 1973 ó tún ní orí kan nínú ìwé tí Sàbúrì Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀, níbi tó ti fi ẹ̀rí inú èdè wádìí ìtàn Yorùbá. Ọwọ́ kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Kò sí ògiri láàárín wọn nígbà yẹn, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kí ó tún padà wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀tọ̀-Àwórì ju ibòmíràn lọ. Láti Òkokomáìkò dé Ìjanikin, ẹni tó bá dúró létí títì márosẹ̀ Badagry á gbọ́ Ígbò, Hausa, Ègùn, Píjìn, Yorùbá onírúurú, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹnu Àwórì gan-an, ti àwọn tó ni ilẹ̀, ti ń wọnú Yorùbá Èkó lọ. Àwọn àgbà ló ṣì ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ ọ, wọn ò sọ ọ́. Àwọn ọmọ ọmọ ń fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọn ò jẹ́ kó fojú rí bí èdè ṣe ń yí, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ń sọ ní gírámà tirẹ̀, ó ní ìtàn tirẹ̀, kì í ṣe àṣìsọ?

Ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Àwórì tó wà ní yunifásítì mọ̀. Ní 1854, àlùfáà ará Jámánì kan tó ń bá CMS ṣiṣẹ́ ní Freetown, Sigismund Koelle, tẹ Polyglotta Africana jáde. Freetown ni wọ́n ń kó àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ, nítorí náà èèyàn láti ibi gbogbo ní Áfíríkà wà ńbẹ̀. Koelle ń pè wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé kí lẹ ń pe orí, kí lẹ ń pe omi, kí lẹ ń pe iná, ó sì ń kọ èsì wọn sílẹ̀ bó ṣe dún létí rẹ̀. Ó kó àwọn èdè wa sábẹ́ orúkọ kan, Aku, ó sì to àkójọ méjìlá sábẹ́ rẹ̀: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àtàwọn yòókù. Èyí tó kọ́kọ́ tò síbẹ̀ ni ti Ọ̀tà. Ọ̀tà, ìlú Àwórì! Ọ̀rọ̀ ẹnu ará Ọ̀tà tí wọ́n kó lẹ́rú wà nínú ìwé láti 1854, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní fóònù lè ṣí i. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ Àwórì tó kàwé. Mi ò tíì rí ẹnì kan tó gbọ́ ọ rí.

Bí wọ́n bá sì ṣí i, wọn ò ní lè kà á bọ̀rọ̀. Àkọtọ́ Koelle kì í ṣe tiwa. Àmì tó fi sórí àti sábẹ́ lẹ́tà ní ìtumọ̀ tirẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kó tó mọ ìró tó ń tọ́ka sí, kó sì máa rò ó pé etí ará Jámánì ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ló lè ti ṣì gbọ́ níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá lè ka ọ̀kan á lè ka èkejì.

Ti Àjàyí Crowther, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1845 ó gúnlẹ̀ sí Badagry tó wà lópin títì wa yìí. Àtúnṣe ìwé náà tẹ̀ lé e ní 1852, bíṣọ́ọ̀bù O. E. Vidal sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Àmì tó wà nísàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ tí ẹ̀ ń kà báyìí, láàárín àríyànjiyàn irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Ẹni tó bá ní filọ́lọ́jì jẹ́ nǹkan àjèjì sí Yorùbá, ojúewé tó ń kà ló ń ta á kò.

Gẹ̀ẹ́sì tiwa náà ní ìwé àtijọ́. Antera Duke, olówò Ẹ̀fíìkì ní Calabar, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ láàárín 1785 sí 1788, ó fi Gẹ̀ẹ́sì etí omi tí àwọn atukọ̀ àtàwọn oníṣòwò ń sọ kọ ọ́. Ojúlówó ìwé náà, tó wà ní Edinburgh, ṣègbé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tí ẹnì kan ti dà kọ nínú rẹ̀ ló kù, òun ni Daryll Forde tẹ̀ jáde ní 1956. Ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tó gbé Beowulf dé ọ̀dọ̀ wa náà, iná jó etí rẹ̀ ní London ní 1731, àwọn lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ kí ẹnì kan tó dà á kọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé tí apá kan rẹ̀ ti sọnù, tó mọ̀ pé adàwékọ lè ṣì í gbọ́, á lè jókòó ti Antera Duke. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á kàn rò pé ọkùnrin náà kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ ni.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ bọ̀, bí ẹni pé ìwé náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan. Mo nífẹ̀ẹ́ Beowulf, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ewì tó ní ìlà 3,182 ni. Ẹni tó kọ ọ́, Kìrìsìtẹ́nì ni, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọn, baba ńlá ni wọ́n, abọ̀rìṣà ni wọ́n, wọ́n ti kú kí ìròyìn Jésù tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó nífẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń yìn wọ́n, ó ń to orúkọ wọn lọ́mọ-ta-ni, ó ń pe òkun ní ọ̀nà àwọn ẹja ńlá, ó ń pe ọba ní ẹni tó ń pín ẹ̀gbà ọrùn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ki oríkì ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ nígbà tí àjálù dé bá wọn, tí wọ́n lọ rúbọ sí ojúbọ wọn, ẹ̀dùn ọkàn bò ó. Kò lè dá wọn láre, kò sì lè kọ̀ wọ́n ní baba. Ní 1936, Tolkien sọ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní London pé kí wọ́n yéé fi ewì náà wa kùsà ìtàn, kí wọ́n kà á bí ewì. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé lórí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ akéwì yẹn, ọmọ Ọ̀tọ̀-Àwórì lè kọ́ ọmọ Oxford.

Torí ta ni kò mọ ìbànújẹ́ yẹn níhìn-ín? Ilé wo ní Ìbà, ní Ọjọ́, ní Ọ̀tọ̀ ni kò ti sí pásítọ̀ tàbí alfa tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ àgbà ló ń gbé egúngún? Tí àgbà obìnrin bá ń kì í ní oríkì níbi ìsìnkú, tí orúkọ òrìṣà dé ẹnu, ẹ wo ojú pásítọ̀ tàbí alfa yẹn. Ó fẹ́ gbọ́, kò fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń wú u lórí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní kó dìde. D. O. Fágúnwà, Kìrìsìtẹ́nì pátápátá, tó kó gbogbo ẹbọra sínú Ògbójú Ọdẹ ní 1938, ọdún méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Tolkien, ibi kan náà ló dúró sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka Fágúnwà àti Beowulf pa pọ̀ á rí i pé ohun tó ń jà nínú ilé tiwọn ti jà ní ibòmíràn rí, pé àwọn èèyàn náà sì rí ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ìwé yìí kúrò nítorí àwa, ohun tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yọ yẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí máa sọ. Wọ́n á ní, ṣé èyí ni wọ́n á fi gbaṣẹ́? Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sí báńkì tó ń wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò sí báńkì tó ń wá ẹni tó lè tú ewì Milton palẹ̀ náà, a sì ń kọ́ ọ. Ohun tó jẹ́ ìṣòro tòótọ́ ni olùkọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní tòótọ́ ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò rí i kọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jókòó kọ́ ọ.

Àyè wà fún un, èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde ní 2022 ti pín in: ìpín 70 nínú 100 ti wà nílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, ìpín 30 jẹ́ ti yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá bá àyíká rẹ̀ mu kún. LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà ní Ọjọ́ láti 1983. Ní 2022, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjanikin di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Yunifásítì méjì létí títì kan, lórí ilẹ̀ Àwórì. Kọ́ọ̀sì kan péré ni mò ń tọrọ nínú ìpín 30 yẹn, kí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá jọ ṣe é. Kí wọ́n fi sáà kan ka ojúewé mélòó kan nínú Beowulf ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, díẹ̀ nínú Chaucer, Antera Duke, ìwé Crowther ti 1852, àti àkójọ Ọ̀tà ti Koelle. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kàn-ńpá fún gbogbo ọmọ. Ẹni tó bá wù ni kó wá.

Mo ti kọ iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un, àwọn ọmọ tèmi tọjọ́ Sátidé sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mú ogún ọ̀rọ̀ nínú àkójọ Ọ̀tà. Sọ ìró tí o rò pé àmì Koelle kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Lọ bá àgbà kan ní Ìbà, ní Ọjọ́ tàbí ní Ọ̀tọ̀, kí i dáadáa, bi í ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láì kọ́kọ́ sọ tìrẹ sí i lẹ́nu, fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bá gbà fún ọ. Kọ ohun tó sọ pẹ̀lú àmì ohùn. Níbi tí ti 1854 àti ti òní bá ti yàtọ̀, ṣàlàyé ohun tó lè fà á: ṣé èdè ló yí ni, ṣé Koelle ló ṣì í gbọ́, àbí ará Ọ̀tà tó bá a sọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù ní Freetown láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Ọmọ Ìbà yẹn ti mú mọ́kànlá wá nínú ogún. Ó ní ìyá bàbá òun kọ̀ láti dáhùn àwọn yòókù àfi tí òun bá kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.